Fáànù Ọkọ̀ Bàbá Fàtíà

Ọjọ́bọ̀, 16 Ṣẹ́rẹ́ 2025

Ojú tì wá lónìí ní oríta Ìgàndó.

A ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn. Bàbá Fàtíà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé itan bí ẹní gbé ọmọ tó ń sùn. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku gba ojú ọ̀nà kan, àjàgbé kan sì ń tú èéfín dúdú sí wa níwájú. Nítorí ikọ́ rẹ̀, mo ti gbé gíláàsì sókè, mo tan éésì. Àfi bí fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí wa ṣe dún kíún, tó sì dákẹ́. Mo yí i sí ení, mo yí i dé ẹ̀rin, kò dáhùn. Kí n tó rí àyè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, òógùn ti bo ọkọ mi, ojú rẹ̀ ti yí sókè.

Àwọn ará ọ̀nà ló bá mi gbé e jáde. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí páálí, wọ́n ń da omi inú ọ̀rá lé e lórí. Ọmọkùnrin kan ń bi mí pé, "Ṣé bàbá yín ni, mà?" Ọkọ mi gbọ́. Nígbà tó lajú, ó rí èrò tó pé lé e lórí, ó rí ṣòkòtò rẹ̀ tó tutù rinrin, ó bá tún di ojú padà.

Nígbà tí a délé, ó wá ọ̀rọ̀ títí. Láti ìgbà Iléyá èṣí tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú ni ọ̀rọ̀ ti máa ń pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Mi ò... lọ mọ́."

Àbámẹ́ta, 18 Ṣẹ́rẹ́

Mẹkáníìkì tó wà níwájú mọ́ṣáláṣí wá wo ọkọ̀. Kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó fọwọ́ gbá dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ní gbogbo rẹ̀ lòun máa tú palẹ̀, ọkọ̀ á sì máa sùn lọ́dọ̀ òun títí òun á fi parí. Owó tó pè kò ṣeé gbọ́ sétí. Bàbá Fàtíà ń gbọ́ wa láti ojú fèrèsé. Ọkùnrin tó ti bá gbogbo Ìkọ̀tún tún fáànù ṣe, fáànù orí tábìlì, ti òkè àjà, ti ilẹ̀! Ó fa kọ́tìnnì dí.

Ajé, 20 Ṣẹ́rẹ́

Ọyẹ́ ò tíì lọ. Gáàsì tún ti wọ́n sí i. Ẹ̀kọ díẹ̀ ni Bàbá Fàtíà jẹ.

Ọjọ́bọ̀, 23 Ṣẹ́rẹ́

Olúwadọ̀tun pè mí, ọmọbìnrin tó máa ń bá Bàbá Fàtíà na apá ní ilé ìwòsàn.

"Mọ́mì, a ò rí Dádì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a ò tún rí wọn lónìí."

Mo ṣàlàyé fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Àwọn ìka yẹn ti ń ká wọlé. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ báyìí, wọ́n lè má nà mọ́ o."

Mo sọ fún Bàbá Fàtíà pé ká máa wọ takisí. Ó mi orí. Ooru inú takisí tí kò ní éésì ò yàtọ̀ sí tiwa. Èyí tó sì ní, bí a bá ń wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí n yáa kó ẹ̀rọ ìránṣọ mi fún awakọ̀ náà. Nírọ̀lẹ́, nígbà tó sùn lọ lórí àga, mo wo ọwọ́ náà dáadáa. Ọwọ́ tó máa ń fi ohun tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ ṣeré ni, tó máa ń so wáyà tó tín-ín-rín ju irun lọ.

Àbámẹ́ta, 25 Ṣẹ́rẹ́

Mo ṣí ọkọ̀ fúnra mi.

Mo gbé àga Bàbá Fàtíà síta, mo ní kó wá gba atẹ́gùn. Irọ́ ni mo pa. Mo fẹ́ kó rí mi ni. Fíùsì ni mo kọ́kọ́ wò, nítorí òun náà ni mo máa ń rí i tó ń kọ́kọ́ wò. Fíùsì ò jó. Lẹ́yìn náà mi ò mọ ohun tó kàn, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdí rédíò.

"Kì í ṣe... bẹ́ẹ̀."

Mo dúró gbagidi. Ó ti pẹ́ tó ti dá sí nǹkan kẹ́yìn nínú ilé yìí. Ó na ọwọ́ òsì sí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níbi tí ẹni tó bá jókòó níwájú máa ń na ẹsẹ̀ sí.

"Lù ú."

"Kí ni kí n lù, Bàbá Fàtíà?"

"Ẹran."

Mo wò ó. Ó mọ̀ pé ó ti ṣì í. Ó di eyín, ó tún wá a. "Ẹ̀... ẹ̀rọ."

Mo bọ́ bàtà mi, mo fi gìgísẹ̀ rẹ̀ lu abẹ́ ibẹ̀. Fáànù ta kìjí! Ó yí, ó da eruku sí mi lójú, ṣùgbọ́n orí ẹ̀rin nìkan ló ti yí. Ní ení, èjì, ẹ̀ta, kò ṣe nǹkan kan. Kò pẹ́ tí ti ẹ̀rin náà tún fi kú. Ọkọ mi ti gbọ́ ohun tó fẹ́ gbọ́ ṣá.

"Rẹ... rẹsítọ̀."

Ohun pẹlẹbẹ kékeré tó ń dín iná kù kí fáànù lè rọra yí nìyẹn. Mo kó sábẹ́ ibẹ̀, mo tú u. Ó ti jó, ó dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Mo gbé e lé e lọ́wọ́ òsì, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó tó oṣù mélòó kan tí mo ti rí ojú yẹn gbẹ̀yìn.

Ọjọ́rú, 29 Ṣẹ́rẹ́

Mo ń ránṣọ lónìí, ọkàn mi kàn wà ní Ọ̀yọ́ ni.

Nígbà tí mo ṣì wà nílé ìyá mi, fáànù orí tábìlì wọn ló bàjẹ́. Wọ́n ní kí n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá kan ní Akẹ̀sán. Ọmọṣẹ́ tó gbà á lọ́wọ́ mi ga, ó tín-ín-rín, ó fi pẹ́ńsù há etí. Ó ní kí n padà wá lọ́la. Mo dé, ó ní kò tíì yá, kí n wá lọ́tùnla. Mo tún dé, ó ní wáyà kan ló kù. Ìyá mi bínú, àwọn fúnra wọn gbéra lọ. Ọ̀gá rẹ̀ ní, "Ẹ̀yin ìyá, fáànù yín ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí Jàfárù lórí níbí láti ọjọ́ tí ọmọ yín ti gbé e dé." Ìyá mi wò mí, wọ́n wo òun náà, wọ́n gbé fáànù wọn, a jọ rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé. Wọ́n ní, "Ọmọ ta tilẹ̀ ni?"

Mo sọ ìtàn náà fún un, Jàfárù ọjọ́ náà, nígbà tí mo ń bu oúnjẹ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kan rẹ́rìn-ín. Èyí tó lè rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Àbámẹ́ta, 1 Èrèlé

Táòfíkì wá, àbúrò rẹ̀ tó ń gbé Àgbàdo. Ó mú ọsàn wá, ó bó o fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń yọ kóró rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìyá Fàtíà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní wakọ̀ yìí mọ́. Mo ti rí ẹni tó máa rà á."

"Èmi ń wà á, ọkọ mi kékeré."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ ń wà á bí ẹní ru ẹyin!"

Mo rẹ́rìn-ín, torí òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òun ò rẹ́rìn-ín.

"Bó bá tún dákú sójú títì ńkọ́? Bí kò bá sí ará ọ̀nà tó máa bá yín gbé e ńkọ́?"

Táòfíkì kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló mú un wá sí Èkó, ló fi í sẹ́nu iṣẹ́, ló bá a fẹ́ ìyàwó. Ó ní òun á mú oníbàárà náà wá kí ààwẹ̀ tó dé.

Jímọ̀, 7 Èrèlé

Mo lọ sí Ìkọ̀tún lọ ra rẹsítọ̀ lọ́dọ̀ Ìdíátù, ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ tòkunbọ̀. Ó bi mí pé mẹkáníìkì wo ló rán mi.

"Èmi náà ni mẹkáníìkì."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ló bá tún jókòó, ó ṣa mẹ́ta sílẹ̀, ó fi bí wáyà inú rẹ̀ ṣe yẹ kó máa dán hàn mí. "Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta dúdú fún yín o, Àǹtí."

Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, rẹsítọ̀ tuntun ti wọlé. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, gbogbo wọn ló ń fẹ́! A jókòó sínú ọkọ̀ nínú ọgbà wa, a ò lọ síbì kankan, a kàn ń gba atẹ́gùn. Bàbá Fàtíà ti gbà pé òun á lọ ní Ìṣẹ́gun.

Ìṣẹ́gun, 11 Èrèlé

A ò dé ibẹ̀. Ní Ìdímù ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bíi rọ́bà tó ń jó, èéfín tín-ín-rín yọ láti abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, fáànù kú. Mo ṣí gbogbo gíláàsì, mo yí ọkọ̀ padà. Eruku dé, Bàbá Fàtíà húkọ́ títí a fi délé. Kò dákú, Alhamdulillah. Kò sì wo ojú mi.

Ọjọ́rú, 12 Èrèlé

A jà. Bí ẹni tí ẹnu rẹ̀ ò já gaara bá lè jà.

Mo ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní rẹsítọ̀ ni! Ó tún ti jó. Kí ló kù? Ẹ sọ̀rọ̀ nígbà náà!"

Ó wá ọ̀rọ̀, kò rí i. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó mú sípánà tó wà lórí itan rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì jù ú, ó ba ilẹ̀kùn ọkọ̀. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo sunkún sórí aṣọ oníbàárà.

Nígbà tí mo dé, ó ti ṣa gbogbo ẹ̀wà tí mo gbé kalẹ̀ lórí tábìlì láàárọ̀. Ọwọ́ kan ló fi ṣà á, ó sì mọ́ ju èyí tí mo máa ń ṣà lọ. Kò sẹ́ni tó bẹ ẹnì kejì. A jẹ ẹ̀wà náà.

Àbámẹ́ta, 15 Èrèlé

Ooru ti gba ipò ọyẹ́. Wọ́n tún ń kọ́ ilé alájà sẹ́yìn wa, ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ kí n gbọ́ ara mi.

Nígbà tí a dé Ayọ̀bọ̀ yìí, oko ẹ̀gẹ́ ló yí wa ká, ọ̀kẹ́rẹ́ ń sáré kọjá nínú yàrá. A kó wọlé láìtíì kan páànù tán. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò ká wa mọ́, kò síbi tí kò ti ń jò, a bá kó àwọn ọmọ sá sínú ọkọ̀ yìí. Èémí wa bo gíláàsì, Fàtíà àti àwọn àbúrò rẹ̀ ń fi ìka ya ewúrẹ́, wọ́n ń ya ilé. Bàbá wọn ní, "Ẹ ó rí i, màá pa ewúrẹ́ yín jẹ." Ó tan fáànù, atẹ́gùn gbá gíláàsì mọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹsẹ̀ ewúrẹ́ lọ, ikùn lọ, ìwo lọ. Àwọn ọmọ pariwo, wọ́n tún mí sí i, wọ́n tún ya òmíràn. Àwa méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, òjò sì ń ba gbogbo ẹrù wa jẹ́ nínú ilé.

Kì í ṣe pé ayé dùn nígbà náà. Ebi ń pa wá. Àmọ́ ohùn rẹ̀ gba gbogbo ọkọ̀.

Ajé, 17 Èrèlé

Mo jí, mi ò bá a lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo sáré jáde. Ó ti fi ọ̀pá rìn dé ìdí ọkọ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ti ti ọwọ́ òsì bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ń fi ìka yí fáànù fúnra rẹ̀, ó tẹ́tí.

"Ṣùmbọ̀. Ó ń... wúwo."

Òun ló ń pè mí ní Ṣùmbọ̀. Kò pè é láti ìgbà tí àìsàn dé.

Èmi náà yí i. Lóòótọ́ ni, ó le, bí ọlọ tí iyanrìn há sínú rẹ̀. Ìgbà náà ló yé mi. Rẹsítọ̀ kọ́ ni àrùn. Fáànù tí kò lè yí dáadáa ló ń fa iná jù, iná náà ló ń jó o. Kí a ra mẹ́wàá, gbogbo wọn ló máa jó.

Mo dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀yìn, mo ki orí bọ abẹ́ ibẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ òsì tan tọ́ọ̀ṣì fún mi. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta ló dì í mú, èyí tó wà lẹ́yìn bọ́ mi ní èékánná. Nígbà tí fáànù jábọ́ sí mi láyà, ó dà bí ìkòkò kékeré tó ní abẹ̀bẹ̀ yíká orí. Ó kún fún ìdọ̀tí. Eruku, òkú ọmọńlé kan, àti ewé, ewé tó ti gbẹ, tó pupa.

Ewé fúrúùtù ni. Igi fúrúùtù wa! Ìgbà tí a fẹ́ mọ odi ni a gé e, Fàtíà ò tíì wọ ilé ìwé gíga. Abẹ́ rẹ̀ ni ọkọ̀ máa ń sùn. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni ewé rẹ̀ wà nínú ibẹ̀ tó ń gbọ̀n sí wa lẹ́sẹ̀, a ò mọ̀. Mo tẹ́ èyí tó ṣì wà lódindi lé Bàbá Fàtíà lórí itan. Ó fi ìka tọ iṣan ewé náà, omi lé sí i lójú. Èmi náà jókòó ti taya.

Ọjọ́rú, 19 Èrèlé

Mo fi kérósìn fọ mọ́tò fáànù náà, mo fi búrọ́ọ̀ṣì eyín gbo gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo tú ìdí rẹ̀, mo rí ohun tí ojú mi mọ̀: kábọ̀n méjì, dúdú kékeré, tó máa ń gbé iná fún mọ́tò. Irú rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ ìránṣọ mi, èmi ni mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Ti inú fáànù ti jẹ tán, ó kù bí ìdí súìtì.

Ìdíátù ní òun ò ní. Mo mú méjì tó wà nínú àpótí ṣọ́ọ̀bù mi wá sílé. Ó nípọn jù. Bàbá Fàtíà gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n tẹ́ páànàpá, bébà oníyanrìn tí wọ́n fi ń gbo nǹkan, sórí tábìlì. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún, ó fi í tẹ páànàpá náà mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fi òkúta tẹ ìwé, ó wá ń fi ọwọ́ òsì gbo kábọ̀n lórí rẹ̀. Ó ń gbo, ó ń wọ̀n ọ́n, ó ń gbo. Bí páànàpá bá fẹ́ yọ́, mo ń rí i tí ìka ọ̀tún ń gbìyànjú láti dì í mú. Mo gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà rò pé mo ń ṣọ́ òun.

Àbámẹ́ta, 22 Èrèlé

Ó ń ṣiṣẹ́!

Kábọ̀n wọlé wẹ́kú. Mo ta epo ẹ̀rọ ìránṣọ sí i nídìí. Mo fi ìka yí i, ó yí bí òòyì, kò dúró bọ̀rọ̀. Mo dè é padà, mo fi rẹsítọ̀ tuntun tí mo tún rà lọ́dọ̀ Ìdíátù sí i. Ní ení, a ò tilẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀. A jẹ́ kó máa fẹ́ títí oòrùn fi yí, mo ń gbóòórùn, mo ń fọwọ́ kan wáyà, kò sí èyí tó gbóná. Bàbá Fàtíà rẹ́rìn-ín sókè, ohùn jáde.

Fàtíà pè láti Ìbàdàn. Mo gbé fóònù síbi tí atẹ́gùn ti ń jáde. "Màámi, kí lariwo yìí?" Mo ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ èmi àti bàbá rẹ ni."

Ìṣẹ́gun, 25 Èrèlé

A lọ, a bọ̀. Olúwadọ̀tun yẹ ìka wò, ó ní ó le díẹ̀ ṣùgbọ́n kò tíì bọ́. Ó bèèrè ohun tí a ń ṣe nílé. Mo sọ ti páànàpá. Ó pa àtẹ́wọ́. "Dádì, ẹ máa bá a lọ! Ẹ wá igi kan máa gbo."

Jímọ̀, 28 Èrèlé

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Tòmátì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí wúrà.

Táòfíkì mú oníbàárà rẹ̀ wá. Ọkùnrin náà ń yí ọkọ̀ po, ó ń fọwọ́ kan ibi tí sípánà ti ha á. Bàbá Fàtíà fi ọ̀pá rìn jáde. Gbogbo wa dúró dè é títí ọ̀rọ̀ fi jáde.

"Ọkọ̀ Ṣùmbọ̀ ni. Ẹ... bi í."

Wọ́n bi mí. Mo ní kì í ṣe títà. Nígbà tí oníbàárà lọ, mo ní kí Táòfíkì wọlé sínú ọkọ̀, mo tan fáànù sí i lójú. Ó jókòó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rù ló ń bà mí, ìyàwó wa. Mi ò fẹ́ kí wọ́n pè mí láti ojú títì."

"Èmi náà, ẹ̀rù ń bà mí," ni mo sọ fún un.

Ọjọ́bọ̀, 6 Ẹrẹ́nà

Ìka àtàńpàkò nà. Díẹ̀ ni, àmọ́ ó nà.

Ìṣẹ́gun, 18 Ẹrẹ́nà

Bí a ti ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn, tí mo fẹ́ yà sí àdúgbò wa, ó ní, "Má yà."

"Ibo là ń lọ?"

"Máa... lọ."

Mo ń lọ. A kọjá àwọn ilé tuntun, a kọjá ibi tí ọ̀dà parí sí, títí a fi dé apá ibi tí ẹ̀gẹ́ ṣì kù díẹ̀ lọ́nà Àgbàdo. Ó ní kí n dúró. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ó ń lu òrùlé ọkọ̀ tó, tó, tó. Mo fi fáànù sí ẹ̀ta nítorí gíláàsì.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ dá wá wo ilẹ̀ wa, igbó ni òun bá. Òun wo iwájú, òun wo ẹ̀yìn, òun ò rí ilé ẹnì kankan. Òun jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ, òun sunkún. Òun rò ó pé ọmọ olọ́mọ ni òun fẹ́ mú wá sínú igbó yìí, bóyá kí òun kúkú dá a padà fún ìyá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́.

Mi ò gbọ́ ọ rí. Nígbà tó délé lọ́jọ́ náà, ńṣe ló ń fò sókè, tó ní, "Ilẹ̀ náà dára, Ṣùmbọ̀, atẹ́gùn wà níbẹ̀!"

Ọ̀rọ̀ ń bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òmíràn ṣì í lẹ́nu, ó padà lọ mú un. Mi ò bá a parí ìkankan. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kéré, fáànù sì ń bò ó mọ́lẹ̀, mo sì ń pàdánù àwọn ibì kan.

Mo na ọwọ́, mo pa fáànù.

Ooru wọlé. Èémí wa bo gíláàsì, a ò rí ìta mọ́. Mo ń ṣọ́ òógùn iwájú orí rẹ̀, ọwọ́ mi wà lára bọ́tìnnì. Kò bìkítà. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Mo wá... dìde. Mo gbọn ṣòkòtò mi." Ó sì ń bá ìtàn rẹ̀ lọ.